Àwọ̀n Tó Wà Lára Agbè

"Jù ú sókè dáadáa. Ṣé bí àwọn ará Ìjàn ṣe ń jù ú nìyẹn?"

Olúfúnkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ sí orin òyìnbó tó ń jáde láti inú gírámafóònù tí ẹ̀gbọ́n náà gbé bọ̀ láti Ìbàdàn. Àyọ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró láàárín yàrá, ó di ọrùn agbè mú, ó ń gbọ̀n ọ́n tẹ̀lé orin. Agbè yìí ni àwọn ará ibòmíràn ń pè ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: igbá ọlọ́rùn kan tí wọ́n da àwọ̀n òwú bò lára, tí wọ́n sì so kóró ìdò dúdú mọ́ gbogbo ojú àwọ̀n náà. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, kóró á máa lu igbá, igbá á sì máa dáhùn.

Àyọ̀kẹ́ jù ú sókè, ó hán an. Olúfúnkẹ́ hó yèè. Ó tún jù ú, ó tún hán an. Àwọn àgbà ní yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn, Àyọ̀kẹ́ sì ṣe mìíràn lóòótọ́. Ó jù ú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ó jó yí po kí ó tó na ọwọ́, nígbà tí yóò sì fi na ọwọ́, agbè ti kọjá. Sìmẹ́ńtì ló hán an.

Kò pariwo rárá. Ó kàn dún bí ìgbà tí wọ́n bá la àgbọn. Nígbà tí Àyọ̀kẹ́ gbé e nílẹ̀, ikùn igbá náà ti jìn wọnú, àfọ́kù sì ń yí kiri nínú àwọ̀n. Olúfúnkẹ́ na ọwọ́, ó pa gírámafóònù.

Agbè náà kì í ṣe ti Àyọ̀kẹ́. Ti ìyá ìyá rẹ̀ ni, Ìyá Àgbà Sẹ̀gilọlá tó ń gbé ní Ìjàn. Ta ni kò mọ Sẹ̀gilọlá nígbà ayé ọ̀dọ́ rẹ̀? Bí wọ́n bá ń gbé ìyàwó láti Ìjàn títí dé Adó, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí kí ó wá kọ orin alámọ̀, orin tí àwọn obìnrin Èkìtì fi ń sọ ohun tó wà nínú wọn. Àbúrò rẹ̀ ló máa ń gbè é fún un. Láti ọjọ́ tí àbúrò náà ti kú ni Ìyá Àgbà kò ti kọrin níta mọ́, àfi orin ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àyọ̀kẹ́ gan-an ló bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà láti tún kọ ọ́. Àkókò ìsinmi oṣù kẹjọ ni, ní ọdún 1978. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Adó, níbi tí wọ́n ń kó àwọn nǹkan àtijọ́ ìlú pa mọ́ sí, fẹ́ ṣe Ọjọ́ Orin Ìdílé ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí, ọ̀gá ilé náà, ti rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń bẹ àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n wá tọmọtọmọ, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orin rẹ̀ àti ohun èlò orin rẹ̀ wá. Nígbà tó dé Ìjàn, Ìyá Àgbà sọ fún un pé ọ̀fun òun ti gbẹ. Àyọ̀kẹ́ tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ ló kúnlẹ̀ tó ní òun ni òun yóò máa gbè é. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó ní ó dáa.

Wọ́n ní kí àwọn ohun èlò ti wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Àgbà ní ẹ̀gẹ́ tí ó fẹ́ fi yan gàrí, kò lè fi í sílẹ̀, nítorí náà ní Ọjọ́bọ̀, ó fi àpò ìdọ̀họ wé agbè, ó gbé e lé Àyọ̀kẹ́ lọ́wọ́ nínú mọ́tò. "Ulé Ìṣẹ̀ǹbáyé ni kí o gbé e lọ tààrà," ó wí. "Má yà síbì kankan."

Àyọ̀kẹ́ yà. Òùngbẹ kọ́ ló mú un yà, àárẹ̀ kọ́. Olúfúnkẹ́, ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní Òkè-Ìlá ní Adó, tó tún jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, kì í yé fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ará oko ni ìyá rẹ̀ àgbà. Ó fẹ́ kí Olúfúnkẹ́ rí i pé ará oko náà ní ohun tí gírámafóònù kò ní. Ó rí i ná.

Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń wo agbè bí ẹni ń wo aláìsàn. Olúfúnkẹ́ kì í ṣe ọmọ burúkú, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ máa ń yára ju ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lọ. Ó ní kí Àyọ̀kẹ́ má sunkún. Ṣé igbá kọ́ ni? Ṣé igbá wọ́n ní Ọjà Ọba ni? Kí àwọn lọ ra òmíràn, kí àwọn fi í sínú àwọ̀n yẹn. "Abẹ́ àwọ̀n ló máa wà," ó ní. "Ta ló máa mọ̀?"

Wọ́n sáré lọ sí Ọjà Ọba, wọ́n ra akèrègbè kan lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á fún àwọn ẹlẹ́mu. Ìgbà tí wọ́n padà dé ni wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀n náà fún mọ́ igbá àtijọ́ pinpin. Wọ́n fà á, kò bọ́. Wọ́n gbìyànjú láti yọ àfọ́kù lọ́kọ̀ọ̀kan láti ojú àwọ̀n, ojú náà kéré jù. Olúfúnkẹ́ bá ṣí àpótí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú abẹfẹ́lẹ́ jáde.

Àyọ̀kẹ́ ló gbà á. Ó gé òwú kan níbi ọrùn, ó gé èkejì, ó wá ń gé e lọ yípo. Òwú àtijọ́ náà ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kóró ìdò sì ń tú dànù, ó ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ó gé e tó, wọ́n da àfọ́kù jáde, wọ́n gbé akèrègbè tuntun, wọ́n tì í, ó kọ̀. Ó tóbi jù. Nísinsìnyí, igbá ti fọ́, àwọ̀n náà sì ti ya.

Olúfúnkẹ́ gba abẹfẹ́lẹ́, ó fi í padà sínú àpótí. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìwo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé kí Àyọ̀kẹ́ kó àfọ́kù padà sínú àwọ̀n, kí ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, kí ó sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ní kó gbé e lọ. Ẹni tó bá tú àpò náà, ọwọ́ rẹ̀ ló fọ́ sí.

Àyọ̀kẹ́ mọ̀ pé ohun búburú ni. N kò ní purọ́ fún yín pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bò ó, ẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn ríran jìnnà. Ó so ẹnu àpò, ó gbé e.

Bàbá Sàlámì, olùṣọ́ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń wá iṣẹ́ kó tó rí ti olùṣọ́ yìí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àpò, ó bi í bóyá ó pé.

"Ó pé, sà," ni Àyọ̀kẹ́ wí.

Bàbá Sàlámì kò tú u wò. Ó ní a kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ìyá àgbà bá dé, ojú rẹ̀ ni àwọn yóò ti ṣí i. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àmánà ni, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi," ó wí. "Ọrùn mi ló wà títí tí wọ́n á fi dé."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n la ojú ọ̀run. Àyọ̀kẹ́ kò lè jẹun. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ní kò gbóná, ó ní bóyá ìdùnnú orin ni kò jẹ́ kó jẹun. Ìyẹn tún ba ọkàn ọmọ náà jẹ́ sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Àgbà bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò Ìjàn pẹ̀lú gèlè tuntun. Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀. Ó ní láti àná ni òun ti ń kọ orin náà nídìí gàrí, òun sì rò pé òun ti gbàgbé, àṣé kò sí ohun tó lọ. Ó di ọwọ́ Àyọ̀kẹ́ mú, ó ní kí àwọn lọ gbọ́ bí agbè ṣe sùn. Lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà dé ètè Àyọ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ la ẹnu, ẹnìkan á kí Ìyá Àgbà, wọ́n á dúró, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ilé. Ó sì yẹ kí n sọ ọ́ pé inú Àyọ̀kẹ́ ń dùn díẹ̀ sí àwọn ẹni tó ń kí wọn.

Bàbá Sàlámì gbé àpò jáde bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Bó ṣe fẹ́ gbé e lé orí tábìlì, nǹkan dún wọrọwọrọ nínú rẹ̀. Ó dúró. Ó tú ẹnu àpò, òun àti Ìyá Àgbà jọ wo inú rẹ̀.

Bàbá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìyá, ẹ forí jì mí," ó ní. "Òjò àná jò sí orí pẹpẹ, mo bá kó ẹrù wọ yàrá kejì nínú òkùnkùn. Ọ̀kan gbá ara ilẹ̀kùn. N ò mọ èwo ni. Àṣé tiyín ni. Wọ́n fi àmánà sọ́wọ́ mi, mo sì jẹ ẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí gbọ́, ó jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tó rí ohun tó wà nínú àpò, ojú rẹ̀ yí padà. Kì í ṣe òǹrorò, ṣùgbọ́n òun ló bẹ gbogbo ìdílé wọ̀nyí, òun ló sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún wọn. Ó rán Bàbá Sàlámì létí pé ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló bá a lọ. Ó ní kí ó ṣe ti ọ̀la yìí tán, lẹ́yìn náà, kí ó máa lọ sílé. Bàbá náà kò jiyàn. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àyọ̀kẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Gbogbo nǹkan ti tò lẹ́sẹẹsẹ fún un ju bí Olúfúnkẹ́ ti rò lọ. Ẹlòmíràn ti gba ẹ̀bi fúnra rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Láéláé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Kí ó sáà dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ó wo orí Bàbá Sàlámì tó ti funfun, tó tẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyá tí bàbá náà kò ṣẹ̀, ó sì rí i pé bí òun bá dákẹ́ báyìí, òun kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má lé wọn lọ, sà," ó wí. "Èmi ni mo fọ́ ọ. Ó ti fọ́ kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi náà ni mo gé àwọ̀n, mo wá ní ó pé."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí gírámafóònù títí dé abẹfẹ́lẹ́. Kò fi ti ara rẹ̀ lé Olúfúnkẹ́ lórí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ẹkún gbà á, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ tó ti wúwo láti àná fúyẹ́, ó sì ya òun gan-an lẹ́nu.

Ìyá Àgbà kò bú u. Ó mú àwọ̀n jáde pẹ̀lú àfọ́kù inú rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi èékánná wá kókó kan ní ìdí rẹ̀, ó fà á. Ìdí àwọ̀n ṣí sílẹ̀ gbàgàdà. Gbogbo àfọ́kù dà sórí tábìlì.

"Ùdí ni wọ́n ti í tú u," ó wí. "Àyọ̀kẹ́, ugbá kọ́ ni mo jogún. Ugbá kẹta rè é tí mo fi sínú rẹ̀. Èmi gan-an fọ́ ọ̀kan níbi ìgbéyàwó yèyé rẹ, gbogbo ènìyàn sì fi mí rẹ́rìn-ín. Bó o bá ti wá sọ fún mi, à bá ti ra òmíràn, kó sì tán síbẹ̀."

Ó gbé ibi tí abẹ gbà sókè. Omi dé ojú rẹ̀. "Èyí ni yèyé mi so. Ìka rẹ̀ ló wà níbí."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àyọ̀kẹ́ ju pàṣán lọ. Ohun tó fọ́ kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tó gé láti fi bo èyí tó fọ́ mọ́lẹ̀ ni ohun iyebíye. Ó dojú bolẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó yẹ kí ó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fà á dìde.

"Ọmọ tó bá ṣípá ni yèyé rẹ̀ í gbé," ó ní. "O ti ṣípá. Dìde, jẹ́ ká lọ wá ugbá."

Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé Bàbá Sàlámì nílẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, òun yára sọ̀rọ̀. Bàbá náà kò tilẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ó ń sọ "Alihamdulilahi" léraléra, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Àyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ fún òun náà. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó tún ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba. Ó ń fi oríkèé ìka kan igbá, ó ń fetí sí i, ó ń gbé e jù sílẹ̀, títí tó fi rí èyí tó dáhùn bó ṣe fẹ́, tí kò sì tóbi ju àwọ̀n lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá Sàlámì ti kírun Jímọ̀ tán, ó sì ti yà sílé mú òwú líle wá nínú èyí tó kù nínú ohun èlò aránṣọ rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú Ìyá Àgbà kò rí kókó mọ́, nítorí náà ẹnu ló fi ń júwe bí wọ́n ṣe ń so ó, ọwọ́ Àyọ̀kẹ́ sì ń ṣe é. Bí kókó kan bá dẹ̀, Ìyá Àgbà á fi ìka wá a, á ní kí ó tú u. Àyọ̀kẹ́ tú púpọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, kóró ìdò kò tó. Bí wọ́n ṣe ń wá ohun tí wọ́n máa ṣe, Olúfúnkẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ti gbọ́ ní àdúgbò. Ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, ó sì ti ṣa gbogbo kóró tó wà lábẹ́ rẹ̀ sínú abọ́ kékeré kan. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ìyá Àgbà gba kóró lọ́wọ́ rẹ̀, ó sún fún un lórí ẹní, ó ní kó wá máa fi òwú sí i fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé kún débi pé àwọn ọmọdé gun igi máńgòrò. Tíṣà wá, àgbẹ̀ wá, àwọn oníṣòwò wá tọmọtọmọ láti Ọjà Ọba. Ìdílé kan fọn fèrè, òmíràn lu agogo, bàbá kan gbàgbé orin rẹ̀ láàárín, ìyàwó rẹ̀ sì bá a parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìdílé Sẹ̀gilọlá ti Ìjàn, Ìyá Àgbà gba agbè fúnra rẹ̀. Ó ti sọ fún Àyọ̀kẹ́ láti àárọ̀ pé kò ní fọwọ́ kàn án lónìí, gbígbè nìkan ni tirẹ̀. Ó dun ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó tọ́. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, tòsì la fi ń fà á mọ́ra.

Ìyá Àgbà gbọ̀n ọ́n. Ó dún. Kóró àtijọ́ àti òwú tuntun dún pọ̀, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, ó wá dúró. Àyọ̀kẹ́ gbè é. Láàárín orin, gẹ́gẹ́ bí àwọn alámọ̀ ti máa ń kí ènìyàn, ó kí àbúrò rẹ̀ tó wà lọ́run, ó sì kí Sàlámì, ọkùnrin tí àmánà kò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Sàlámì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àyọ̀kẹ́ gbè é títí omi fi dé ojú òun náà, omi ìtura.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, ó sin Ìyá Àgbà dé ibùdókọ̀. Ó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ àfi agbè, kò dá a láṣà. Ìyá Àgbà jókòó sínú mọ́tò tán, ó na àpò náà sí i.

"Gbà," ó ní. "Máa gbé e lọ sílé. Ọ̀la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ ni kó o gbé e wá fún mi ní Ìjàn."

Àyọ̀kẹ́ bi í bí ẹ̀rù kò bà á pé ó lè tún fọ́.

"Bó bá fọ́," Ìyá Àgbà wí, "wá sọ fún mi."

Mọ́tò gbéra. Àyọ̀kẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpò mọ́yà, ó sì kọrí sí Òkè-Ìlá tààrà. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ohun tó bá fọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ni ín bó ṣe fọ́, nítorí ìwọ̀nba ni ohun tí ìṣubú ń bà jẹ́, ohun tí a fi ń bò ó mọ́lẹ̀ ló ń ba ìyókù jẹ́.